Ìṣẹ́tí Aṣọ Ìyàwó

Ní Regina, òtútù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tún aṣọ ṣe
lẹ́yìn ilé ìfọṣọ Halyna,
níbi tí ooru ẹ̀rọ ti máa ń gbẹ mí lọ́fun
bí ọ̀sán Muscat.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Muscat.
Òórùn ìlú yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú ọ̀nà:
tùràrí nínú aṣọ, tùràrí nínú irun,
tùràrí títí kan ṣéńjì tí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀bù.
Wọ́n á bu kọfí sínú ife tí kò ju ìlàjì èèpo ẹyin lọ;
bí o kò bá mi ife náà, wọn ò ní yéé bù ú.
Ta ló sọ fún mi? Mo mu mọ́kànlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
Ojú mi là kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lálẹ́ ìgbéyàwó Zuwayna, èmi ni mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀,
abẹ́rẹ́ lẹ́nu,
òwú wúrà ti já níbàdí aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Igba obìnrin ń jó nínú gbọ̀ngàn, kò sí ọkùnrin kan ṣoṣo.
Àwọn ọkùnrin wà ní mọ́sáláṣí,
bàbá di ọkọ lọ́wọ́ mú,
wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ níbi tí kò sí.
Mo ní lọ́kàn ara mi pé: ọmọ yìí, wọ́n ti tà ọ́ lẹ́yìn rẹ.
Ló bá bojú wẹ̀yìn, ó ní kí n fún un sí i,
"Èmi ni mo kọ iye owó náà, Àjíkẹ́.
Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá, mo dá a padà."
Díẹ̀ ló kù kí n gbé abẹ́rẹ́ mì.

Lónìí, Brynn wọlé, yìnyín lórí bàtà,
aṣọ ìyàwó nínú àpò ọ̀rá.
Dọ́là márùndínláàádọ́ta, àlòkù.
Ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fi ìka mẹ́rin ga jù ú lọ,
ó sì ti da wáìnì sétí rẹ̀.
Ọjọ́ Ẹtì ni, ní kóòtù. Ẹlẹ́rìí méjì:
ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àti awakọ̀ tó máa gbé wọn lọ,
bí awakọ̀ bá gbà.
Ìyá rẹ ńkọ́? Ó wà ní Kelowna, yóò wò ó lórí fóònù.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá péré ni, ó ní,
ibi ìgbọ́kọ̀sí sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Mo ń fi píìnì há a, mo ń wá èèyàn káàkiri ṣọ́ọ̀bù,
àbúrò bàbá kan ṣá, tí yóò máa bínú nítorí àga.

Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ra ìyàwó nílùú yín?"
Mo sọ fún un nípa owó tí bàbá mi gbà ní Ìpetumodù,
tó kà, tó tún kà,
nítorí ó fẹ́ràn kí èèyàn máa wo òun,
tó wá dá a padà, pé òun ò bímọ fún títà.
Brynn rò ó. "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ẹ́ ṣe, nígbà náà?"
Ẹ̀rín gbé Halyna ṣánlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀fẹ́ kọ́, ọmọ mi.
Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń san án
fún ọkùnrin kan tó máa ń hanrun
sínú fóònù lálẹ́ Sátidé, bí dátà bá wà.

N ò gé aṣọ náà.
Mo ká a sókè, mo fi ìka mẹ́rin pamọ́ sínú
de ẹni gíga tó ń bọ̀ lẹ́yìn.
Mo bi í pé aago mélòó lọ́jọ́ Ẹtì.
Halyna ní a kì í ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo ní mo mọ̀.